Báwo ni àwọn bakitéríà inú òkun kan ṣe ń da ìbánisọ̀rọ̀ àwọn bakitéríà mìíràn rú?

Bakitéríà kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tú èròjà kẹ́míkà kéékèèké sínú omi, nígbà tí èròjà náà bá sì pọ̀ tó láyìíká wọn, gbogbo wọn á jùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan náà, bíi kí wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n tú májèlé jáde. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò ni a ń pè ní AHL, tó ní òrùka kan àti ìrù ọ̀rá kan.

Àwọn bakitéríà adàrú ní ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tí ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yára, tó ń ba AHL jẹ́ kí ó tó dé ibi tí a rán an sí. Lactonase a máa já òrùka náà. Acylase a sì máa gé ìrù rẹ̀ kúrò. Omi òkun fúnra rẹ̀, tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí) jẹ́ nǹkan bí 8, máa ń já òrùka yìí díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń ṣe àyẹ̀wò bóyá bakitéríà kan ń ba AHL jẹ́ gbọ́dọ̀ fi omi òkun tí kò ní bakitéríà wé èyí tó ní in.

Àwọn adàrú yìí kì í sábà pa bakitéríà kejì. Wọ́n kàn ń dí i lọ́wọ́ láti gbọ́ ìpè ni. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sin edé fi nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀nà yìí láti dojú kọ Vibrio harveyi, bakitéríà tó ń kó àìsàn bá edé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bakitéríà yìí ní èròjà ìpè mìíràn yàtọ̀ sí AHL, tí àwọn ẹ́ńsáìmù méjèèjì kò lè fọwọ́ kàn.