Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nígbà tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìwé tí ó kà fún ìgbádùn

Lẹ́tà tó wọlé ní oṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ ìwé kíkà láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì pọ̀ ju èyí tí ojú ewé wa lè gbà lọ. A mú mẹ́ta nínú wọn, nítorí pé ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta forí tì sí.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí ni mo ti ń kó àwọn ọmọ SS1 àti SS2 jọ ní ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí, kí ẹni tó bá ka ìwé kan tí kì í ṣe ìwé ìdánwò wá sọ èrò rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń wá, wọ́n sì ń kàwé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dìde, ohun tí yóò sọ kò ju pé: “Orúkọ ìwé tí mo kà nìyí, ẹni tó kọ ọ́ nìyí, ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi ni pé kí á máa gbọ́ràn sí àwọn òbí wa lẹ́nu.” Wọn á pàtẹ́wọ́ fún un, ẹlòmíràn á dìde, á sì tún sọ irú rẹ̀. Kí ni mo lè ṣe tí ohun tó wà lọ́kàn wọn gan-an yóò fi jáde lẹ́nu wọn? — *Olùkọ́ Yorùbá, Òṣogbo*

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọmọ tó lè dúró sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì nítorí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fi dandan mú un kà kò wọ́pọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ohun tí ẹ ń gbọ́ báyìí kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín. Ohun tí a kọ́ àwọn ọmọ náà ni wọ́n ń ṣe. Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń béèrè ẹ̀kọ́ tí ìtàn kọ́ wọn. Àlọ́ ìjàpá pàápàá, “ìtàn yìí kọ́ wa pé” ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé SS, ìbéèrè ìdánwò yóò ní kí wọ́n jíròrò lórí kókó ọ̀rọ̀, kí wọ́n ṣe àgbéyẹ̀wò ẹ̀dá-ìtàn, kí wọ́n sì tọ́ka sí ọnà èdè. Èyí kò burú, nítorí pé ìdánwò ní ọ̀nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láti kékeré yóò gbà pé bí a bá ní kí òun sọ èrò òun lórí ìwé, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni à ń béèrè, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ tó ń fún un ní máàkì ló jókòó níwájú.

Nítorí náà, ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà. Ẹ bi wọ́n níbi tí wọn kò ti lè gbé ìwé náà sílẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n níbi tí ó ti sú wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọn kò fẹ́ràn nínú ìtàn náà, bí òǹkọ̀wé tilẹ̀ ń fi gbogbo ọ̀nà pọ́n ọn lé. Ẹ ní kí ọmọ ṣí ojú ewé kan ṣoṣo, kí ó ka gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta sókè ketekete, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi yan ibẹ̀. Ibi pàtó ni ọ̀rọ̀ ti ń gbóná. Bí ọmọ bá ń to ìtàn láti orí dé ìdí, àwọn tó jókòó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú fèrèsé, bí ẹ̀yin náà ti rí i.

Mo ti jókòó níbi tí irú àyípadà yìí ti ṣẹlẹ̀. *Ó Le Kú* tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, èyí tó jáde ní 1974, ni ọmọbìnrin kan dìde láti sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó bá ti kà á mọ̀ pé Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ dàrú mọ́ lójú láàárín Aṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ọmọbìnrin yìí ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka àkọ́sórí kí olùkọ́ rẹ̀ tó dá a dúró pé, “Ta ni inú rẹ ń bí sí nínú gbogbo wọn?” Ó dákẹ́, ó wo ẹ̀yìn ìwé, ó ní, “Àjàní ni, sà. Gbogbo ìgbà ló ń sọ pé òun ò mọ èyí tí òun yóò ṣe, àwọn ọmọbìnrin yẹn ló sì ń jìyà àìmọ̀ rẹ̀.” Ọmọkùnrin kan fò dìde lẹ́yìn pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé ìyá Àjàní ni kò jẹ́ kí ó rí ara gbé sọ́tùn-ún sósì, tó ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kí ó wá ìyàwó. Ọmọbìnrin náà ní kí ó fi ibi tí ìyá ti fipá mú un hàn òun. Bí ọmọkùnrin yìí ṣe gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn tí ó ń ṣí i kiri, tí àwọn méjì mìíràn na ọrùn lé e léjìká, tí gbogbo wọn sì ń kà á sókè. Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n tọ́ka sí ojú ewé. Iyàn tí wọ́n ń jà ló mú un wá. Ohun tí à ń wá lábẹ́ orúkọ àgbéyẹ̀wò ẹ̀dá-ìtàn gan-an ni wọ́n ṣe níbẹ̀, tí ojú wọn sì ń dán.

Ẹ kúrò níwájú, Olùkọ́. Ẹ jókòó sí àárín wọn tàbí ní ẹ̀yìn, kí ẹ má ṣe gbé bírò dání. Ẹ sọ ìwé tí ẹ̀yin náà kò fẹ́ràn, kí ẹ sì sọ ọ́ láìfi dídùn bo kíkan, nítorí pé ọmọ tí kò bá tíì gbọ́ kí àgbà sọ pé ìwé kan sú òun yóò rò pé àrífín ni láti sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí ó wá fi Yorùbá sọ ọ́. Bí èdè bá lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má ṣe tún un sọ fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ gba ẹni tí kò parí ìwé rẹ̀ láyè pẹ̀lú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àṣà àjòjì ni kí òǹkàwé máa bá òǹkàwé jiyàn lórí ìtàn. Láàárín 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn *Akéde Èkó* ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde, tó ń ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìgbà èwe. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé wọlé: àwọn kan ń káàánú rẹ̀, àwọn kan sì ń sọ ohun tí wọ́n rò pé ó tọ́ sí i. Ohun tí wọ́n fi ìwé ìròyìn ṣe nígbà náà ni kí àwọn ọmọ yín máa fi ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ètò o. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2. Ìtàn ìfẹ́ àti ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ó máa ń kà, púpọ̀ nínú rẹ̀ lórí fóònù, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sì máa fà á bí wọ́n bá ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí n gba gbogbo rẹ̀ títí yóò fi ṣe WAEC tán. Kí ni ẹ rí sí i? — *Ìyá Ọmọ, Abẹ́òkúta*

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Èrò tiwa ni pé kí ẹ má ṣe gbà á. Ọmọ tí a bá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa kà á ní ìkọ̀kọ̀, yóò sì dẹ́kun àtimáa sọ ohun tó kà fún yín, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Ẹ bá a ṣètò àkókò: iṣẹ́ àṣetiléwá lákọ̀ọ́kọ́, ìtàn lẹ́yìn rẹ̀, kí fóònù sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí oorun tó. Ẹ tún ní kí ó fún yín ní ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà kà. Bí ẹ bá bá ohun tí kò yẹ fún ọjọ́ orí rẹ̀ pàdé níbẹ̀, ẹ sọ fún un ní tààrà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé “mo ní o ò gbọdọ̀ kà á” kò ran ọmọ tó ti tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ti ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé *Àjà Ló Lẹrù* jáde ní 1969, Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ tó ń lépa àwọn ọ̀daràn nínú rẹ̀, sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́ràn ìwé Yorùbá tẹ́lẹ̀ jókòó ti ìwé. Òwe àti àṣàyàn ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé yẹn kò kéré sí ti ìwé tí a ń yàn fún ìdánwò. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ irú rẹ̀ púpọ̀. Ẹ wá ọ̀kan nínú wọn fún un, kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ sì jẹ́ kí ó sọ fún yín, kí ó tó dé òpin, ẹni tí ó fura sí àti ohun tó mú un fura. Ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀rí nínú ìtàn báyìí ń fi àkàyé kọ́ra, èyí tí yóò bá pàdé nínú ìdánwò Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ń yin ìwé Fágúnwà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, n kò lè parí rẹ̀, èdè rẹ̀ le fún mi. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ òǹkàwé wa. — *Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Ìbàdàn*

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má tijú. Ọdún 1938 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde, òǹkọ̀wé rẹ̀ sì ń kọ ọ́ fún àwọn tí etí wọn ti mọ́ ìjálá àti ọ̀rọ̀ àgbà láti kékeré. Wo bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀: Àkàrà-Oògùn wá bá ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sọ díẹ̀, ó lọ, ó tún padà wá, àwọn ènìyàn sì ń pọ̀ sí i láti wá gbọ́. Etí ni wọ́n fi gba ìtàn yẹn, ìjókòó kan lẹ́yìn òmíràn. Nítorí náà, gbìyànjú láti máa kà á sókè, ìwọ àti ẹnì kan, pàápàá bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà bá wà nílé tí o lè bi léèrè ọ̀rọ̀ tí kò yé ọ. Má dúró lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó le. Máa bá ìtàn lọ, púpọ̀ nínú wọn yóò yé ọ bí ó bá yá. Bí o bá kan ibi tí ó ti ń fi ìwàásù gígùn gbani níyànjú tí ó sì sú ọ, fò ó ná. O lè padà sí i.

Bí o kò bá mọ ibi tí o lè ti bẹ̀rẹ̀, lọ sí ibi tí ọdẹ náà ti pàdé Àgbákò, iwin tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká, tí àwọn méjèèjì sì wọ̀yá ìjà. Ka ibẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí o sọ pé ibi tí o ka ìwé náà dé nìyí àti pé ọ̀rọ̀ báyìí báyìí ni kò yé ọ. Bi wọ́n léèrè ìtumọ̀ wọn, kí o sì kọ èyí tí wọn kò bá mọ̀ sílẹ̀ fún olùkọ́ yín.