Ọmọ mi lágbára, kí ló dé tí shot put rẹ̀ ò lọ jìnnà?

Ìbéèrè: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọdún 15, ń ṣe shot put, eré jíju irin róbótó, níléèwé wọn l'Ákùúrẹ́ níbí. Ó lágbára gan, òun ló ń gúnyán fún wa nílé, àmọ́ ọmọ kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló máa ń jù ú lọ, ìgbúnwọ́ tún ń dùn ún. Ṣé kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wéètì ni?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Wéètì kọ́ ló kàn, agbára wà lára ọmọ yẹn. Shot put kì í ṣe bí ẹni ń sọ òkò sí máńgòrò, títì ni wọ́n ń tì í. Tó bá gbé irin yẹn lọ sẹ́yìn èjìká kó tó fi sílẹ̀, fáwùlù ni, ìgbúnwọ́ náà ló sì máa jẹ ìyà ẹ̀.

Tó bá jù ú tán, ẹ wo ọwọ́ ẹ̀ àti ọrùn ẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ pupa pápá máa ń lẹ̀ mọ́ irin, tẹ́ ẹ bá rí i pé àtẹ́lẹwọ́ pupa tí ọrùn sì mọ́, inú àtẹ́lẹwọ́ ló ń gbé e sí nìyẹn. Ìdí ìka ló yẹ kí irin jókòó sí, kó lẹ̀ mọ́ ọrùn lábẹ́ àgbọ̀n, kí ìgbúnwọ́ gbé sókè. Ọrùn ló yẹ kó dọ̀tí.

Ẹ wá wò ó nídìí odó. Apá nìkan kọ́ ló fi ń gún iyán yẹn, orúnkún àti ìbàdí ń bá a ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà nibí: kó tẹ orúnkún, kó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kí ìbàdí yí síwájú, kí àyà tẹ̀ lé e, apá ló máa gbẹ̀yìn, kó sì yára bí ìgbà tí nǹkan ta. Eré tí irin fi kúrò lọ́wọ́ ló ń gbé e lọ jìnnà jù, ibẹ̀ ni pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Tí ẹnì kan bá ní kó máa yí bíi òòyì, kó má tíì dá a lóhùn. Lóòótọ́ yíyí ni Ryan Crouser ará Amẹ́ríkà ń yí, òun ló ju irin 7.26 kg dé mítà 23.56 lọ́dún 2023, àmọ́ Natalya Lisovskaya ọmọ Soviet, tó ju 4 kg dé mítà 22.63 lọ́dún 1987, yíyọ̀ ló ń yọ̀ gba inú sákù, ìyẹn òbìrí tí wọ́n ń dúró sí láti jù ú, kọjá, obìnrin kankan ò tíì jù ú lọ títí dòní.

Ẹ tún béèrè irin tí wọ́n ń fún un níléèwé. 3 kg ni tàwọn ọmọbìnrin tí ò tíì pé 18, 4 kg tàgbà ni. Kó sinmi títí ìgbúnwọ́ ò fi ní dùn mọ́, tó bá wú ẹ gbé e lọ hospital, lẹ́yìn ìyẹn kó dúró lójú kan máa tì í, láì sáré, láì yọ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.