Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ̀gbà Idẹ, Búróòṣì Àtijọ́ àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Art Smith

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ní ọjà àlòkù kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mo rí ẹ̀gbà idẹ kan tí ó fẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì ọwọ́ mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ẹni tí ń tà á ní iṣẹ́ Art Smith ti New York ni, àti pé ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1950. Owó tí ó pè pọ̀. Ta ni Art Smith, báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni?
Òǹkàwé yín, Peckham

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé kí ẹ tó sanwó. Oníṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ ni Art Smith. Kúbà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1917, ọmọ Jàmáíkà ni àwọn òbí rẹ̀, Brooklyn ní New York ni ó sì dàgbà sí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Cooper Union, ó bá Winifred Mason ṣiṣẹ́, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó mọ iṣẹ́ bàbà dunjú, lẹ́yìn náà ni ó ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ ní òpópónà Cornelia ní Greenwich Village ní ọdún 1946. Àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò jẹ́ kí ó rímú mí níbẹ̀, ni ó bá kó lọ sí West Fourth Street, níbi tí òkìkí rẹ̀ ti kàn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀ ni bí ijó ṣe sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ńlá. Ó ṣe ohun ọ̀ṣọ́ fún ẹgbẹ́ oníjó Talley Beatty àti ti Pearl Primus, obìnrin kan náà tí ó wá sí Nàìjíríà wa níbí, tí a sì sọ ní Ọmọwálé. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn gbọ́dọ̀ lè rí ohun tí ó wà lọ́rùn oníjó, ohun náà kò sì gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́ bí ó bá ń fò sókè tàbí tí ó ń yí. Ibẹ̀ ni Smith ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe ohun ńlá tí kò ni ara lára. Duke Ellington, gbajúmọ̀ olórin Amẹ́ríkà, pàápàá gba bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ ẹ̀wù lọ́dọ̀ rẹ̀, tí Smith fi àmì ohùn ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan nínú orin olórin náà dárà sí.

Ní ti ẹ̀gbà tí ẹ rí, ẹ yí i kí ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ nínú rẹ̀, nítorí pé Smith sábà máa ń fi orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi òòfà kàn án: òòfà kì í fa idẹ, bí ó bá fà á, irin ni wọ́n fi idẹ bò. Brooklyn Museum ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣe àfihàn rẹ̀ ní ọdún 2008, nítorí náà ẹ gbé àwòrán àwọn iṣẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbà yìí, kí ẹ wo bí etí rẹ̀ ṣe tẹ̀ àti bí a ṣe so ewé idẹ kan mọ́ èkejì. Ẹ ní kí ẹni tí ń tà á kọ orúkọ Art Smith sínú rìsíìtì. Bí ó bá kọ̀ láti kọ ọ́, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò dá òun fúnra rẹ̀ lójú. Bí ẹ̀gbà náà bá ṣì wù yín, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ní iye ẹ̀gbà tí kò lórúkọ.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá mi fi búróòṣì kan sílẹ̀ fún mi, iṣẹ́ Trifari, ilé iṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ kan ní Amẹ́ríkà, aláwọ̀ wúrà, olókùúta dídán. Àmì C nínú òbìrí wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ṣé mo lè fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́?
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àmì ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (copyright) ni C náà. Ní ọdún 1955, ilé ẹjọ́ kan ní New York gbà pé iṣẹ́ ọnà ni ohun ọ̀ṣọ́ Trifari, àti pé òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ bò ó. Àmì náà sọ fún yín pé ó ṣeé ṣe gan-an kí búróòṣì yín jẹ́ ti ọdún 1955 tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ọsàn kàn án. Lóòótọ́ ni wọ́n ń ki Ọ̀ṣun pé ó ń wẹ idẹ kí ó tó wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n idẹ Ọ̀ṣun jẹ́ idẹ dé inú, nígbà tí ó jẹ́ pé wúrà fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo búróòṣì yín. Omi tún máa ń ba àwọ̀ dídán tí ó wà lẹ́yìn òkúta dígí jẹ́, òkúta náà á sì ṣókùnkùn. Aṣọ gbígbẹ tí ó múlọ́ ti tó.

ÌBÉÈRÈ: Èkó ni mo ti ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ idẹ. Mo fẹ́ ṣe èyí tí ó tóbi bíi ti ayé Art Smith láìjí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Òǹkàwé yín, Yábàá

ÌDÁHÙN: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ènìyàn. Smith gbà pé ohun ọ̀ṣọ́ kò pé títí a ó fi gbé e sí ara, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹ gé páálí ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, ẹ gbé e kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn, kí ó jókòó, kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó wé gèlè. Ibi tí páálí bá ti ń gún un ni kí ẹ gé. Ẹ wo àlàfo tí ó ṣí sílẹ̀ láàárín páálí àti awọ ara pẹ̀lú, nítorí pé òun náà wà lára ọnà, òun ni ó sì ń jẹ́ kí ohun ńlá fúyẹ́.

Bí ẹ bá wá dé orí idẹ, ẹ rántí pé òòlù ń mú un le. Bí ó bá ti ń kọ̀ láti tẹ̀, ẹ fi iná sí i títí yóò fi pọ́n díẹ̀, ẹ jẹ́ kí pípọ́n náà lọ, kí ẹ tó tì í bọ omi, yóò sì tún rọ̀. Òòlù onígi ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ bí ẹ kò bá fẹ́ àpá. Yẹtí ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù: dípò ewé idẹ tí ó nípọn, ẹ fi wáyà yí àwòrán náà ká kí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ fi fáìlì ra gbogbo etí rẹ̀, kí ẹ sì fún ẹnì kan wọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ kí ẹ tó gbé e lọ sọ́jà.