Kí ni "rip off" túmọ̀ sí, ṣé ó sì yẹ nínú lẹ́tà sí onílé?

Ìtumọ̀ "rip off" ni kí a rẹ́ ènìyàn jẹ, pàápàá nípa gbígba owó tó ju bí ọjà tàbí iṣẹ́ náà ti tó lọ. Bí awakọ̀ takisí kan ní Berger bá rí i pé àlejò ni yín ní Abuja, tó sì gba ìlọ́po mẹ́ta owó ọkọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ lè sọ pé "He ripped me off". Ààrin ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ bíi "me" gbọ́dọ̀ wà. "He ripped off me" kò tọ̀nà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀-orúkọ bíi "customers" lè wà láàrin tàbí kí ó gbẹ̀yìn. Bí a bá sì kọ ọ́ ní "rip-off", ó di ọ̀rọ̀-orúkọ tí a fi ń pe ọjà ọ̀wọ́n gógó tí kò tó bẹ́ẹ̀, tàbí iṣẹ́ tí a jí wò lára ti ẹlòmíràn.

Nínú lẹ́tà sí onílé yín ní Kubwa, èmi kò ní lò ó, nítorí èdè ẹnu ni, ó sì le létí. "Overcharge" (kí a gba owó jù) ni kí ẹ kọ. Ẹ má sì sáré lọ sórí "defraud" (kí a lu ènìyàn ní jìbìtì), nítorí ẹ̀sùn ọ̀daràn nìyẹn, ó sì ń béèrè ẹ̀rí.