Jàbùtẹ̀: ẹ fi abẹ sílẹ̀, ẹ gbé ọṣẹ

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹsẹ̀ ọ̀tún màmá mi ti wú. Àwọn ará ilé ní oògùn tí aládùúgbò kan dà sílẹ̀ ni wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀. Bàbá kan fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ yí ẹsẹ̀ náà ká kí omi burúkú lè jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí òun náà ní ìpá, tó ń fi àgbo wò ó, ní ká kúkú ra oògùn aràn. Oògùn wo ló máa jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà lọ sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Kí n tó sọ̀rọ̀ oògùn rárá, ẹ sọ fún bàbá yẹn kó kó abẹ rẹ̀ lọ. Irú lẹ́tà yìí ti sú mi, ọ̀rọ̀ gbẹ́rẹ́ ló sì ń wà nínú gbogbo wọn.

Kò sí omi burúkú kankan níbẹ̀. Aràn tín-ín-rín kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ló máa ń fa jàbùtẹ̀. Wuchereria bancrofti lorúkọ rẹ̀ níwé. Láti 1877 ni dókítà kan, Patrick Manson, ti rí i nínú ẹ̀fọn ní Amoy, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Aládùúgbò tí ẹ ń bá yodì, ẹ padà máa kí i. Inú àwọn ọ̀nà tóóró tí omi ara ń gbà padà sínú ẹ̀jẹ̀ ni aràn yìí ń gbé, ó sì lè lo ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ níbẹ̀. Tí ọ̀nà náà bá ti bàjẹ́, omi ara kò rí ibi gbà mọ́, ó wá ń rin wọ inú ẹran ara. Kò gbá jọ sójú kan bí omi inú ìkòkò tí èèyàn lè lu jò. Bó bá tiẹ̀ sun díẹ̀ lójú gbẹ́rẹ́, òmíràn á tún dé, torí pé ọ̀nà tó bàjẹ́ kò tíì dára.

Ojú gbẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni ewu wà. Ẹsẹ̀ tí omi ara rẹ̀ kò rìn kì í lè bá kòkòrò àrùn jà. Kòkòrò á gba ojú abẹ wọlé, kò sì ní pẹ́ tí màmá á fi máa gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ á pọ́n, tí á gbóná janjan, tí kókó á so lábẹ́ itan. Ilé á ní ibà ni, tàbí pé oògùn ń jà. Ìgbàkígbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ á tún le sí i, á tún tóbi sí i. Ẹni tó sín gbẹ́rẹ́ ti gbowó lọ nígbà yẹn.

Àwa dókítà náà kò tètè mọ èyí. Aràn la ń bú ṣáá, títí dókítà Gerusa Dreyer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Recife, ní ilẹ̀ Brazil, fi hàn ní àwọn ọdún 1990 pé kòkòrò bakitéríà tó ń gba ojú egbò àti àárín ọmọ ìka wọlé ló ń fa púpọ̀ nínú gbígbóná ẹsẹ̀ yìí.

Nítorí náà, ọṣẹ àti omi. Lójoojúmọ́, ẹ fi omi tútù tó mọ́ àti ọṣẹ ìwẹ̀ lásán wẹ ẹsẹ̀ náà láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ la gbogbo ibi tó ṣẹ́ po. Ẹ ya ọmọ ìka sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo àárín wọn dáadáa níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà: ibi tó bá funfun, tó rin, tó sì ń yún, ibẹ̀ ni kòkòrò ń bá wọlé. Ẹ rọra fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má gbo ó, kí ẹ sì ní kí nọ́ọ̀sì fún yín ní ìpara tó yẹ. Kí wọ́n wọ sálúbàtà tó fẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, kí wọ́n máa yí ọrùn ẹsẹ̀, àyàfi tí dókítà bá ti sọ pé ọkàn wọn kò lágbára. Ẹ má gbé e sókè láìbéèrè nígbà náà. Ẹsẹ̀ lè má padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ gbígbóná yẹn á dínkù, ẹsẹ̀ á sì lè rọ̀ díẹ̀. Bó bá tún gbóná, ilé ìwòsàn ni. Ẹ má fi omi gbóná tàbí òrí ra á.

Oògùn aràn wá ńkọ́? Ivermectin àti albendazole tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ lágbègbè, tí wọ́n ń fi ọ̀pá wọn gíga èèyàn kí wọ́n tó fún un, dára púpọ̀. Òun ni Togo lò tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi jẹ́rìí sí i ní 2017 pé ó ti ṣẹ́gun àrùn yìí, àkọ́kọ́ nínú àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ Sàhárà. Ọmọ aràn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń pa, kí ẹ̀fọn má baà gbé e fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá gbé e dé àdúgbò yín, kí gbogbo ilé tó yẹ lò ó. Kì í fa ẹsẹ̀ tó ti wú wálẹ̀. Ẹ má sì lọ rà á ní kẹ́mísì: ẹni tí aràn ojú, Loa loa, bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dákú lórí ivermectin.

Mi ò tíì rí ẹsẹ̀ màmá o. Àìsàn ọkàn àti ti kíndìnrín náà ń mú ẹsẹ̀ wú, nítorí náà ẹ gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ òru làwọn fẹ́ gbà, láàárín aago mẹ́wàá sí méjì, ẹ má bínú. Òru ni ọmọ aràn ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n sì lè má rí nǹkan kan nínú ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ báyìí.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín: iṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn ni wọ́n fi ń wo ìpá olómi. Kó yéé fi àgbo ṣòfò.