Daoshi: kí ni iṣẹ́ àlùfáà ẹ̀sìn Tao?

Ìbéèrè: Ṣé bíi pásítọ̀ ni àlùfáà ẹ̀sìn Tao, àbí ẹlẹ́gùn ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Daoshi ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì sún mọ́ ti akọ̀wé ààfin: òun ló ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀run. Kò ní ìjọ. Ní Taiwan, àwọn ará àdúgbò ló ni tẹ́ńpìlì. Ìgbìmọ̀ wọn ló máa ń bẹ daoshi níṣẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe jiao, ètùtù ńlá tí wọ́n fi ń tún ìlú ṣe.

Jiao lè gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún. Àwòrán Sanqing, àwọn òrìṣà mẹ́ta tó ga jù lọ nínú ẹ̀sìn Tao, ló ń wà ní ipò ọlá. Àwọn òrìṣà tí ará ìlú ń bọ lójoojúmọ́ á bọ́ sí òdìkejì bí àlejò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn gan-an ló ni ilé.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn lọkàn iṣẹ́ náà. Orúkọ ìlú, ọjọ́, ohun tí wọ́n ń tọrọ àti orúkọ àwọn baálé ilé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Daoshi á tẹ òǹtẹ̀ sí i, á kúnlẹ̀ kà á sókè, á sì sun ún kí ó lè gòkè. Wọ́n tún máa ń lẹ àwọn orúkọ mọ́ ògiri níta, tolúkálùkù á sì wá tirẹ̀ dáadáa, torí wọn ò bá ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ tọrọ nǹkan kan.

Ọ̀run kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ṣá. Nígbà tí daoshi bá ń joyè, wọ́n á fún un ní lu, ìwé tó kó orúkọ àwọn ẹ̀mí tó lè pàṣẹ fún jọ. Lu ló ń sọ ipò rẹ̀ lọ́run.

Ẹlẹ́gùn tiwọn wà lọ́tọ̀: tang-ki ni wọ́n ń pè é lédè Hokkien, òrìṣà ló sì ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohunkóhun kì í gun daoshi. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ṣáká bó ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ ipa ìràwọ̀ méje, ìyẹn ìgbésẹ̀ ètùtù tó tẹ̀ lé bí àwọn ìràwọ̀ náà ṣe tò lójú ọ̀run.

Àwọn daoshi ẹ̀ka Zhengyi, tí wọ́n tọpa ara wọn dé ọ̀dọ̀ Zhang Daoling ní Sichuan lọ́dún 142, máa ń gbéyàwó, iṣẹ́ náà sì sábà ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Àwọn ti ẹ̀ka Quanzhen, tí Wang Chongyang dá sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìlá, kì í gbéyàwó, wọn kì í sì í jẹran. Inú ilé ìsìn bíi Baiyunguan ní Beijing ni wọ́n ń gbé.