Ọkọ̀ Mi Ń Jẹ Ọ́ìlì: Ṣé Kí N Tà Á Ni, Àbí Kí N Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo, ọ̀nà Iléṣà sì ni ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni wà, nǹkan bí 60 kìlómítà ni mò ń wà ní àlọ àti àbọ̀ lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Toyota Camry 2008 tí wọ́n ń pè ní "Muscle" ni mò ń lò, ẹlẹ́ńjìnnì 2.4. Tòkunbọ̀ ni mo rà á ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Láti bí oṣù mẹ́jọ, iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì máa ń ṣẹ́jú bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì, bí mo bá sì yọ gééjì wò, mi ò ní rí ọ́ìlì lórí rẹ̀ mọ́. Lítà kan ni mò ń rà kún un lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Kì í rú èéfín tó hàn, omi rẹ́díétọ̀ rẹ̀ kì í dín, gíà rẹ̀ dára, AC rẹ̀ sì ń tutù. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí n lọ ra Bẹ́líjíọ́mù, ìyẹn ẹ́ńjìnnì àlòkù láti òkè òkun. Èkejì wọn kọ̀ǹpẹ̀ṣọ̀n, ìyẹn bí písítìn ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, ó ní kò sí wàhálà níbẹ̀, kí n kàn máa da ọ́ìlì tó ki sí i. Ọkọ mi ní kí n tà á kó tó dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n tẹ̀ lé?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Kí n tó sọ̀rọ̀ títà tàbí àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti iná pupa yẹn, nítorí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Iná náà kì í sọ iye ọ́ìlì tó kù fún yín. Agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì kiri inú ẹ́ńjìnnì ló ń ṣọ́. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an kí ó tó lè tàn. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ìwọ̀nba ọ́ìlì tó kù nísàlẹ̀ á rọ́ lọ síwájú, ẹnu pọ́ǹpù á ṣófo, afẹ́fẹ́ ni yóò sì máa fà. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, irin ń gbo irin. Ẹ́ńjìnnì tí kò tíì kú lè tibẹ̀ kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, láti òní lọ, ẹ máa yọ gééjì wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ní àárọ̀ kí ẹ tó ṣáná sí i, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọ́ìlì lọ sílẹ̀ ju àmì ìsàlẹ̀ lọ. Bí iná náà bá tún tàn lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí ẹ pa ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé ilé ti kù díẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo àìsàn náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ yín nìkan ló ń ṣe. 2AZ-FE ni Toyota ń pe ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 tó wà nínú Camry tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 2007 dé 2009, inú àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an ló sì ti ń jẹ ọ́ìlì jù. Rìngì mẹ́ta ló wà lára písítìn kọ̀ọ̀kan. Méjì tòkè ló ń dí agbára iná mọ́ òkè. Ẹ̀kẹta tó wà nísàlẹ̀ ló ń ha ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, tí ọ́ìlì náà á sì gba àwọn ihò wẹẹrẹ inú písítìn padà sísàlẹ̀. Àwọn ihò yẹn ni kò tóbi tó. Bó bá pẹ́, èédú ọ́ìlì tó ti jóná á dí wọn, rìngì ọ́ìlì á lẹ̀ mọ́ inú ojú rẹ̀, ọ́ìlì tó yẹ kó padà sísàlẹ̀ á wá máa jóná pẹ̀lú epo. Toyota fúnra wọn mọ̀ sí i. Ní 2011, wọ́n kọ̀wé ìtọ́sọ́nà sí àwọn tó ń ta ọkọ̀ wọn ní Amẹ́ríkà lórí rẹ̀, wọ́n sì ṣe písítìn tuntun tí wọ́n tún àwọn ihò yẹn ṣe. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dájọ́ ni pé, bí ọkọ̀ bá jẹ ju nǹkan bíi lítà kan dín díẹ̀ lọ láàárín 1,200 máìlì, ìyẹn nǹkan bí 1,930 kìlómítà, a jẹ́ pé ó ti kọjá ààlà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n yẹn wo tiyín. 60 kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: 900 kìlómítà ni ẹ fi ń tán lítà kan. Ó ju ìlọ́po méjì ààlà Toyota lọ. Bí ọ́ìlì náà kò bá máa jò síta, a jẹ́ pé písítìn ló ń jẹ ẹ́, kò sì sí oògùn inú agolo tí yóò wo irú èyí sàn pátápátá.

Mo ní bí kò bá máa jò síta, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í wò kí wọ́n tó dá ẹ́ńjìnnì lẹ́jọ́ ikú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sinmi ọkọ̀ mọ́jú, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́, kí ẹ wà á fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n wá fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi mẹ́rin: etí tápẹ́ẹ̀tì kọ́bà, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ṣéènì táímíǹgì wà, pàápàá ìdí táńṣọ́nà rẹ̀ tí rọ́bà róbótó kan wà tó máa ń gbó, ìdí fílítà, àti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíà. Rọ́bà táńṣọ́nà yẹn kò wọ́nwó rárá, síbẹ̀ mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ odidi ẹ́ńjìnnì nítorí rẹ̀. Ẹ tún ní kí wọ́n pààrọ̀ fáàfù kékeré tí wọ́n ń pè ní PCV, tó ń fa èéfín inú ikùn ẹ́ńjìnnì padà lọ síbi tí yóò ti jóná, nítorí bí ó bá dí, ó máa ń ti ọ́ìlì wọ ibi tí kò yẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ kún ọ́ìlì dé àmì òkè gééjì, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sínú ìwé, kí ẹ sì máa kọ iye tí ẹ bá kún un àti ọjọ́ tí ẹ kún un, títí yóò fi tó nǹkan bí 1,900 kìlómítà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lé díẹ̀ ni ìyẹn máa gbà yín. Bí dáṣíbọ́ọ̀dù yín bá ń ka máìlì gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ti ń ṣe, 1,200 ni kí ẹ kà. Ẹ má ná kọ́bọ̀ ńlá kan sórí ẹ́ńjìnnì yẹn kí ìwé náà tó pé.

Ẹ̀ẹ́ ní ṣebí mẹkáníìkì kejì ti fi irinṣẹ́ wọn kọ̀ǹpẹ̀ṣọ̀n, ó sì dára. Mo gbà á gbọ́. Rìngì méjì tòkè ni kọ̀ǹpẹ̀ṣọ̀n ń dán wò. Rìngì ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ẹ́ńjìnnì 2AZ lè ní kọ̀ǹpẹ̀ṣọ̀n tó péye kó sì máa mu ọ́ìlì bí omi. Bákan náà ni ti èéfín. Bí katalísìtì bá ṣì wà lára sáléńsà, òun ló ń jó ọ́ìlì náà tán kó tó jáde, nítorí náà àìrí èéfín kò fi hàn pé ara ẹ́ńjìnnì dá. Ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé wà lẹ́nu pọ́lọ́ọ̀gì: kí wọ́n tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí èyíkéyìí bá dúdú tó sì ń tàn yinrin fún ọ́ìlì, inú sílíńdà yẹn ni ọ́ìlì ń gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tó ki, èmi kò fara mọ́ ọn. Lóòótọ́, 20W-50 lè dín jíjẹ náà kù díẹ̀ fún ìgbà kan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró ni ọ́ìlì ń gbà dé ibi ètò VVT-i tó ń yí àsìkò ṣíṣí fáàfù padà, ọ́ìlì tó ki kì í sì tètè gun òkè lówùúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. 5W-30 tó jẹ́ ojúlówó ni èmi ń lò fún irú wọn. Lítà mẹ́rin lé díẹ̀ péré ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbà, ẹ sì wo bí lítà kan tó dín ti tó nínú mẹ́rin.

Ní ti Bẹ́líjíọ́mù, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ẹ́ńjìnnì 2AZ tó jáde láti inú ọkọ̀ 2007, 2008 tàbí 2009 mìíràn lè gbé àìsàn kan náà wá, kó tún ju tiyín lọ, nítorí kò sí ẹni tó lè jẹ́ kí ẹ wà á ní 1,900 kìlómítà kí ẹ tó sanwó. Mo ti ṣe é fún oníbàárà kan rí, ní ọdún tí n kò tíì mọ̀ tó báyìí: a ra ẹ́ńjìnnì tó mọ́ tónítóní, ó dún dáadáa, kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin tí ọkùnrin náà fi padà wá pẹ̀lú gééjì gbígbẹ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí títí di òní, nítorí owó ọmọ iléèwé ló fi rà á. Bó bá wá di dandan kí ẹ lọ sí Àràrọ̀mí ní Gate, Ìbàdàn, tàbí Ládípọ̀ ní Èkó, ẹ gba ìwé rírà tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì nínú, kí ẹ sì lọ yí nọ́ńbà náà padà nínú ìwé ọkọ̀ yín, kó má baà di ọ̀ràn lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Àtúnṣe tó bá àìsàn náà mu ni kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì yín, kí wọ́n sì fi písítìn tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irú èyí tí Toyota tún ṣe, pẹ̀lú rìngì tirẹ̀ sí i. Ẹlòmíràn á ní rìngì nìkan tó. Bí ihò písítìn àtijọ́ bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, èédú á tún dí i, ẹ ó sì san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé ó yẹ kí ẹ ná owó yẹn? Ẹ wá iye mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni iye tí ẹ lè ta ọkọ̀ náà bí ẹ bá sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á, nítorí n kò ní bá yín ṣírò iye tí a fi irọ́ gbà. Èkejì ni iye ọkọ̀ tí yóò rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú owó ìwé àti ohun tí ẹ ó ná lóṣù àkọ́kọ́ sórí táyà, búṣì, bíréèkì àti bátìrì, èyí tí tòkunbọ̀ kì í ṣaláìbéèrè. Ẹ̀kẹta ni iye àtúnṣe. Ẹ yọ àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì. Bí àtúnṣe kò bá tó ìdajì ohun tó ṣẹ́ kù, èmi á ní kí ẹ tún un ṣe. Ẹ ti mọ ọkọ̀ yìí fún ọdún mẹ́rin. Ẹ mọ̀ pé gíà rẹ̀ dára, omi rẹ̀ kì í dín, AC rẹ̀ sì ń tutù. Ìmọ̀ yẹn níye lórí, kò sì sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.

Bí owó kò bá tíì sí, ẹ lè máa kún un lọ fún ìgbà díẹ̀: bí ìrìn yín kò bá yí padà, lítà bíi 17 ni lọ́dún kan, kí a tó yọ ìsinmi iléèwé. Ẹ kàn mọ̀ pé jíjẹ náà á máa pọ̀ sí i, pọ́lọ́ọ̀gì á máa bàjẹ́, katalísìtì á sì dí nígbẹ̀yìn, ìgbà yẹn ni iná ẹ́ńjìnnì yóò tàn pẹ̀lú kóòdù P0420, tó ń sọ pé katalísìtì kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́.

Bí ọkọ yín bá borí, tí ẹ sì fẹ́ ra òmíràn, ẹ wo lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kẹwàá nínú nọ́ńbà ṣáásí: 7, 8 àti 9 ni 2007, 2008 àti 2009; A ni 2010, B sì ni 2011. Muscle A àti B tó jẹ́ onísílíńdà mẹ́rin, lítà 2.5 ló ní, kò sì ní àìsàn písítìn yìí. Àwọn kan á ní kí ẹ padà sí "Big Daddy", Camry tó ṣáájú Muscle. 2AZ ló wà nínú òun náà bó bá jẹ́ 2.4, tirẹ̀ sì tún ni pé ihò tí bóòtù tọ́ọ̀pù sílíńdà ń dì mú lára búlọ́ọ̀kù máa ń jẹ, omi á sì máa jò láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. V6 lítà 3.5 kò ní àìsàn písítìn yìí, àmọ́ páìpù ọ́ìlì VVT-i tó ní rọ́bà láàárín lè bẹ́ kó sì da gbogbo ọ́ìlì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rí i pé wọ́n ti fi onírin pààrọ̀ rẹ̀. V6 sì ń mu epo ju 2.4 lọ, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí owó epo ti di láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ ní 2023.

Bó bá jẹ́ pé àtúnṣe lẹ yàn, ẹ dúró ti mẹkáníìkì náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u. Kí wọ́n wọn ògiri sílíńdà, kí wọ́n má kàn fọwọ́ pa á. Kí wọ́n dán ojú ihò bóòtù tọ́ọ̀pù sílíńdà wò. Kí wọ́n ra bóòtù tuntun, nítorí ti àtijọ́ ti fà. Kí wọ́n sì pààrọ̀ síìlì fáàfù nígbà tí tọ́ọ̀pù ti wà nílẹ̀. Ẹ gba písítìn àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ wọn, ẹ ó rí èédú náà lójú rìngì. Ní 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má sáré àsápajúdé, lẹ́yìn náà kí ẹ da ọ́ìlì yẹn nù pẹ̀lú fílítà rẹ̀, kí ẹ rọ tuntun, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ yẹn láti òdo.